Àwọn afọlé ọlọ́ṣẹ dúdú l'Ọ́jà Ọba Òṣogbo: ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín fọ igi, ẹ má gbé tìmùtìmù fún wọn

Tí àga igi bá wà nílé yín, pàápàá ìrókò àtijọ́ tí fáníìṣì rẹ̀ ti ń ṣí, ẹ pè wọ́n. Tó bá jẹ́ tìmùtìmù aláwọ̀ mílíìkì lẹ fẹ́ fọ̀, ẹ sinmi ná, ẹ ka ohun tí ojú mi rí kí ẹ tó náwó.

Ìsọ̀ kékeré kan ni, nínú Ọjà Ọba níbí, láàárín àwọn tó ń ta ọṣẹ àti òrí. Kò ní pátákó, kò sì ní orúkọ kankan tí mo lè kọ síbí. Ìyá tó ni ín ń ta ọṣẹ dúdú, àdín, kànìnkàn àti eérú tí wọ́n ti jọ̀. Òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan ló ń lọ bá àwọn èèyàn fọ ilé. Wọn kì í gbé ẹ̀rọ. Garawa, kẹ́ẹ̀gì omi òjò, àpò àkísà àti àpò ewé ni gbogbo ẹrù wọn, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló sì ń gbé àtàwọn àtẹrù wọn.

Ìdí tí mo fi wá wọn ni pé mo ní yàrá mẹ́ta tí mo fi ń gba àlejò lóṣù Kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Láti 2005 tí UNESCO ti ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ ibi àjogúnbá gbogbo ayé, ẹni tó bá ní yàrá tó mọ́ nílùú yìí lóṣù yẹn kò ní ṣaláì rí àlejò. Obìnrin kan máa ń ti Ìbàdàn wá bá mi tó ní ikọ́ fée. Bó bá ti gbọ́ òórùn Izal báyìí, èémí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Àwọn kan tó ń gbé ẹ̀rọ ìfọlé kiri ni mo máa ń pè tẹ́lẹ̀. Ilé ń mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn tí wọ́n ń fi sílẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀, bí a tilẹ̀ ṣí gbogbo fèrèsé. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin yìí sun pálọ̀ nítorí pé yàrá tí mo pèsè fún un kò ṣeé wọ̀. Ojú tì mí.

Ohun kejì ni odò. Ilé mi kò jìnnà sí i. Omi tí a bá fọ ilé tán, gọ́tà là ń dà á sí, gọ́tà ò sì ní ibòmíràn tó ń lọ. Gbogbo wa là ń bínú sáwọn tó ń wa góòlù lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lọ́hùn-ún tí omi Ọ̀ṣun fi di alámọ̀, a sì jàre. Àmọ́ ọwọ́ tí a fi ń nàka sí wọn yẹn náà la fi ń da kẹ́míkà sí gọ́tà. Mi ò sọ pé ọṣẹ dúdú ò lè pa ẹja lára o, ọṣẹ ni ọṣẹ ń jẹ́. Ó kàn jẹ́ pé eérú àti òróró ni wọ́n fi sè é, kì í pẹ́ nínú omi kó tó rà.

Ọṣẹ wọn yìí fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá mi dúró níwájú ìsọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà lójú títì lóde òní, ó dúdú kirikiri, ó le, ó sì ń ta sánsán lọ́fínńdà. Ọṣẹ dúdú gidi kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kì í dọ́gba, ó sún mọ́ àwọ̀ ilẹ̀ ju dúdú lọ, ó rọ̀ lọ́wọ́, tí ẹ bá sì ṣí i sílẹ̀, á fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra títí á fi máa sunkún. Èèpo kòkó ni wọ́n ń jó di eérú, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á wá fi àdín sè é. Ẹ̀yin ọmọ Òròkí mọ̀ pé irú omi eérú yìí náà ni àwọn aláró ń dà sí ìkòkò aró, láìsí i, elú ò lè mú aṣọ. Ìyá ní ìdí eérú ni ìyá ìyá òun ti bẹ̀rẹ̀, àwọn aláró ló ń tà á fún. Ẹ̀yìn tí àwọn aláró dín kù ni wọ́n tó wá kọjú sí ọṣẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àga.

Mẹ́fà ni wọ́n, ìrókò ni, ìyá ọkọ mi ló fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ọnà sí ẹ̀yìn wọn, apá wọn sì ti dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, nítorí ọwọ́ èèyàn láti ìgbà pípẹ́ ti gan mọ́ ọn. Káfíńtà kan ní kí n jẹ́ kí òun fi ẹ̀rọ bó gbogbo rẹ̀ kí òun tún un kùn, ó sì pe owó tí mo lè fi ra àga tuntun. Ìyá ọlọ́ṣẹ kò pe iye kankan kó tó wò wọ́n. Ó ki ìka bọ omi, ó kán an sí apá àga kan, ó sì dúró tì í, kò sọ̀rọ̀. Omi náà ṣùjọ sójú kan bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó bọ́ sí apá kejì, ó tún kán an. Ibẹ̀ yẹn mu omi náà, igi sì ṣú. Ó wá sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, “O rí i? Ibi tí omi ti dúró, fáníìṣì ṣì wà níbẹ̀, ewé ò gbọdọ̀ kàn án. Ibi tó mu ún, igi lásán ni, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.” Gbogbo àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ó ń fi ẹfun sàmì sí ibi tó mu omi.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n po ọṣẹ nínú omi òjò, wọ́n lù ú títí ó fi hó. Ìfófó nìkan ni wọ́n ń bù, wọn ò jẹ́ kí omi kan igi. Àkísà tí wọ́n fi ń nù ún, wọ́n ti fún un débi pé ẹ̀kán kan ò lè jáde lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n á fi ìfófó ra á, wọ́n á fi àkísà omi mímọ́ nù ún, wọ́n á tún fi gbígbẹ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò bù ú sí i kó yá. Ìyá ní igi tó bá mu omi á wú, ibi ìsopọ̀ rẹ̀ á sì ṣí. Òótọ́ ni, mo mọ tábìlì tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí igi gbẹ ni wọ́n mú ewé eépín jáde. Ẹni tó bá dàgbà ní oko á mọ̀ ọ́n: ewé tó ń ha ni lọ́wọ́, tí àwọn ìyá wa fi ń fọ igbá, tí àwọn agbẹ́gilére sì fi ń dán iṣẹ́ wọn kí sandpaper tó dé. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Ficus exasperata, ẹbí ọdán ni. Ọmọbìnrin náà fi ewé lé ibi tí wọ́n sàmì sí, ó ń fà á lọ, ó ń fà á bọ̀, tẹ̀lé ìlà igi, kò dá a ní ìbú rárá. Bí ewé bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á jù ú nù, á mú òmíràn. Ìdọ̀tí yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ká jáde ní wóró-wóró, dúdú, ó ń rùn bí ẹni pé ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó yá, àwọ̀ ìrókò fúnra rẹ̀ yọ. Ọkọ mi tó ti ní kí n má fowó ṣòfò dìde lórí àga tó jókòó sí, ó ní kí wọ́n wá ṣe tòun náà.

Àdín ni wọ́n fi parí rẹ̀. Kì í ṣe àdín dúdú tí wọ́n fi ekùrọ́ yíyan ṣe, òórùn ìyẹn á gba gbogbo àdúgbò. Èyí tó mọ́ ni. Ó kán an sí àkísà, ó fi ra igi, ó wá fi àkísà gbígbẹ nù ún títí. Níbí ni mo ti ní ẹjọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú wọn. Àdín kì í gbẹ. Kò dà bí òróró tí àwọn káfíńtà ń lò tó ń le sójú igi. Tí ẹ bá kùn ún jù, á dúró síbẹ̀ lẹ́rọ̀ lẹ́rọ̀. Ìyá mọ èyí, ohun tó ṣe nù ún bí ẹni ń bínú nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀yìn àga méjì tí ọmọ náà ṣe nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú, kò nù ún dáadáa. Nígbà tí ọyẹ́ dé, eruku ta mọ́ inú ọnà tó wà lẹ́yìn àga náà, mo sì ní láti fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àti ìfófó ọṣẹ yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró tì wọ́n nídìí àdín.

Ilẹ̀ pálọ̀ mi, tẹràsò ni. Ọmọbìnrin náà ti gbé fínígà, ó fẹ́ dà á, ìyá lu ọwọ́ rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì àti òkúta mábù ló wà nínú tẹràsò, ohun kíkan máa ń jẹ ẹ́, dídán rẹ̀ á sì lọ. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà kò gbọdọ̀ kàn án. Mo ti bá àwọn tó ń gba owó ńlá pàdé tí wọn kò mọ èyí. Ọṣẹ díẹ̀ nínú omi púpọ̀ ni wọ́n fi nù ún, wọ́n sì fi omi òjò ṣan án. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣejù ni gbígbé kẹ́ẹ̀gì omi òjò wá sílé tó ní kànga. Ṣùgbọ́n omi kànga wa, ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ó sì máa ń fi nǹkan funfun kan sílẹ̀ lójú ilẹ̀. Omi òjò kò fi nǹkan kan sílẹ̀.

Ilé ìwẹ̀ ni àyè fínígà. Kí wọ́n tó ṣí ìgò rẹ̀, ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Oníbàárà mi, ṣé ẹ ti da Hypo síbí lónìí?” Mo ní àná ni. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi ṣan gbogbo rẹ̀, kí n sì ṣí fèrèsé. Fún ìbéèrè yìí nìkan, mo lè ní kí ẹ gbà wọ́n. Bí fínígà, tàbí ohunkóhun tó bá kan, bá pàdé Hypo tàbí Jik, èéfín olóró ló ń jáde, ó sì lè pa èèyàn lára nínú ilé ìwẹ̀ tí kò ní afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń po àwọn méjèèjì pọ̀ pé kó lè lágbára sí i. Ẹ má dán an wò.

Fínígà yọ ohun funfun tó ti gan mọ́ ara táìlì àti ẹnu ẹ̀rọ omi. Wọ́n rẹ àkísà sínú rẹ̀, wọ́n wé e mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n sì lọ ṣe nǹkan mìíràn. Nígbà tí wọ́n tú u, ó ń dán. Gíláàsì wíńdò onílúfà náà, fínígà tí wọ́n fi omi là ni wọ́n fi nù ún, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni wọ́n fi gbẹ ẹ́. Òórùn fínígà máa ń lé èèyàn jáde lóòótọ́, àmọ́ bó bá ti gbẹ, ó lọ nìyẹn.

Ìgbà tí a dé síǹkì ilé ìdáná, wọ́n ṣe eré kan fún mi. Wọ́n da sódà tí wọ́n fi ń yan kéèkì sí ojú ihò rẹ̀, wọ́n wá da fínígà lé e. Ó hó, ó ru sókè, àwọn ọmọ ilé pariwo, ọmọbìnrin náà ń rẹ́rìn-ín bí onídán. Ìdọ̀tí ò lọ. Kò lè lọ, nítorí pé ohun kíkan àti sódà máa ń pa ara wọn ni. Afẹ́fẹ́ lẹ ń rí tó ń hó yẹn, ohun tó bá kù lẹ́yìn rẹ̀ kò ju omi tó ní iyọ̀ díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá lo sódà lọ́tọ̀ láti fi ha ìkòkò, ó dára. Bí ẹ bá lo fínígà lọ́tọ̀, ó dára. Ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ ti fi owó ohun méjì ra ìfófó. Wáyà àti omi gbígbóná ló ṣí síǹkì mi nígbẹ̀yìn, wáyà ọ̀hún sì jẹ́ tèmi.

Tìmùtìmù ló bà mí nínú jẹ́ jù. Aláwọ̀ mílíìkì ni wọ́n, ọmọ ọmọ mi sì ti tọ̀ sí méjì nínú wọn. Ibi ìtọ̀ kò ṣòro: wọ́n bu sódà gbígbẹ lé e, wọ́n jẹ́ kó sùn síbẹ̀, wọ́n gbọ̀n ọ́n nù lọ́jọ́ kejì, òórùn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ká ní wọ́n dúró níbẹ̀ ni. Wọ́n tún wá fi ìfófó ọṣẹ dúdú fọ àbàwọ́n ọbẹ̀ kan. Ọbẹ̀ lọ, àwọ̀ ọṣẹ sì dúró, ó fi àmì rìbìtì aláwọ̀ ilẹ̀ yí ibẹ̀ ká. Wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n gbé e sóòrùn, ó ṣá díẹ̀, kò lọ. Ìparí oṣù Keje nìyẹn, òjò ò jẹ́ kí oòrùn ráyè. Fóòmù inú rẹ̀ mu omi, kò gbẹ bọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí aṣọ tó bu. Ìyá bẹ̀bẹ̀, ó sì yọ owó tìmùtìmù kúrò nínú owó iṣẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀. Ìyẹn wú mi lórí, àmọ́ àmì náà ṣì wà níbẹ̀, mo ti dojú rẹ̀ délẹ̀.

Àga aláwọ tó wà ní yàrá ọkọ mi, wọn ò fọwọ́ kàn án, wọ́n ní eérú inú ọṣẹ máa ń gbẹ awọ, á sì sán. Ó yẹ kí wọ́n ní irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ fún aṣọ tìmùtìmù náà.

Nǹkan kan tún wà tí wọ́n ń polówó tí mi ò gbà: wọ́n ní omi ẹfinrin àti dóńgóyárò máa lé ìdun kúrò nínú bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀fọn lè sá díẹ̀ fún òórùn ẹfinrin, n kò jiyàn. Ìdun kọ́. Ìdun tó wà nínú ihò ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀dì, ooru ló ń pa á. Omi híhó tí ẹ bá rọra dà sí àwọn ihò wọ̀nyẹn á ṣe é, aṣọ ibùsùn tí ẹ bá fi omi gbígbóná gidi fọ̀ náà á bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ má sì tìtorí rẹ̀ lọ fín oògùn olóró dichlorvos sórí ibi tí ọmọ ń sùn. Láti 2019 ni NAFDAC ti ń lé ìgò kékeré rẹ̀ kúrò lọ́jà, ó ní ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ìyá pé kó jáwọ́ nínú ìpolówó ẹfinrin yìí. Ó ní àwọn oníbàárà ló ń béèrè rẹ̀. Mo ní kó ta á fún ọbẹ̀.

Ti owó: ₦22,000 ni wọ́n pè fún pálọ̀, yàrá mẹ́ta, ilé ìwẹ̀ àti àga mẹ́fà, mo ná an dé ₦18,000, ó tún yọ ẹgbẹ̀rún méjì nítorí tìmùtìmù. Àwọn ẹlẹ́rọ tí mo ń pè tẹ́lẹ̀ ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ láì fọwọ́ kan àga. Àmọ́ iṣẹ́ wọn ò yá. Ohun tí ẹlẹ́rọ ń ṣe láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ó gbà wọ́n títí di ọjọ́ kejì, wọn kì í sì í wá nígbà tí wọ́n bá dá. Aago mẹ́jọ tí wọ́n dá fún mi, ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù kí wọ́n tó kàn ilẹ̀kùn. “Ẹ má bínú, oníbàárà mi, ọjà ni” ni wọ́n fi kí mi káàárọ̀. Ẹ pèsè oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀, wọn ò béèrè, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ń ṣiṣẹ́ gidi. Kí ẹ sì ra ìbọ̀wọ́ tó dára fún un tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, èyí tó wọ̀ ti ya, omi eérú sì máa ń bó ọwọ́. Pé nǹkan ti inú ewé tàbí eérú wá kò sọ pé kò lè ṣe èèyàn léṣe.

Obìnrin ará Ìbàdàn náà wá lóṣù Kẹjọ. Ó wọ yàrá, ó fa imú, ó ní, “Kí ni mò ń gbọ́ yìí?” Mo ní ọṣẹ dúdú ni. Ó sùn síbẹ̀ di ìgbà tó ń lọ, kò sì hú ikọ́ tí mo gbọ́.

Mo ti ní kí wọ́n padà wá kí ọdún Kérésì tó dé, fún igi, ilẹ̀ àti ilé ìwẹ̀ nìkan. Ẹ tètè dé ìsọ̀ náà láàárọ̀ tẹ́ ẹ bá ń wá wọn, torí bó bá ti di ọ̀sán, wọ́n lè ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ béèrè ìyá tó ń ta eérú jíjọ̀, wọn ò pọ̀ mọ́. Kí ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú pé wọn ò gbọdọ̀ gbé sódà àti fínígà wá sídìí síǹkì yín.